Ìbéèrè Tí Dókítà Kà Léèwọ̀ Lẹ́nu Géètì

"Takrúnì wo? Bàbá Rumaysa, mo ní takrúnì wo?" Ohùn Ọmọ́ládé ti gba gbogbo ilé kan. "Ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ jọ mu ọmú ìyá kan náà ni ẹ ń pè bẹ́ẹ̀?"

Dókítà Mojeed, ọkọ rẹ̀, ń de táì níwájú dígí. Kò yíjú. "Mi ò pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní bó bá dé ẹnu géètì ibi iṣẹ́ mi, takrúnì ni wọn ó pè é, wọn ó sì pe èmi náà mọ́ ọn. Fetí sílẹ̀ kí o tó máa jágbe mọ́ mi."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rùn."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ò tíì gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ kì í dúró de táì."

Ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà, takrúnì ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ń pe adúláwọ̀ tó bá ti apá ọ̀dọ̀ wa wá, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ agbálẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi ṣeré, ẹlòmíràn ń fi bú ni. Mojeed kórìíra orúkọ náà bí ẹni kórìíra ẹ̀tẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn ológun kan ní Jẹ́dà. Ó ní ìwé àdéhùn, ó ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, wọ́n fún un nílé. Síbẹ̀, bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà a máa fi ojú sin ọwọ́ rẹ̀ títí á fi jáde.

Bùsírátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní ọ̀kankan nínú ìwé wọ̀nyẹn. Láti Ìwó ló ti wá ṣe úmúrà lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n jọ wá padà sílé, òun dúró. Fíísà parí, kò lọ. Lórí òkè An-Nakkasah ní Mẹ́kà, nínú yàrá tí òun àti obìnrin mẹ́ta jọ ń gbé, aṣọ àwọn oníhájì ló ń tún rán, tó sì ń lọ̀. Omi gbígbóná inú áyọ́ọ̀nù ló dà sí i lẹ́sẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára, torí àtọ̀gbẹ ti sọ ẹsẹ̀ náà di igi. Ọjọ́ kẹta ló tó rí i pé awọ ti bó.

"Mo gun àtẹ̀gùn òkè yẹn ní Jímọ̀," Ọmọ́ládé ní. "Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn. Tùràrí ló ń sun láti àárọ̀ dalẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé má baà lé e jáde. Ibà wà lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ní kó mú ìkámà wá kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ yín, ẹ̀gbọ́n yín ni ẹsẹ̀ fẹ́ pa."

"Kó lọ bá àwọn kọ́ńsúlù wa. Wọ́n á ṣe ìwé ìrìnnà fún un, á padà sílé."

"Á lọ. Mo ti bá Àlàájà ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́, wọ́n sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ń jó bí ààrò kò lè wọ bàálù. Ẹ wò ó sàn ná."

"Mi ò lè fi mọ́tò mi gbé aláìníwèé lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Bí wọ́n bá mú mi, iṣẹ́ lọ, ìkámà lọ, gbogbo wa dèrò ilé."

"Ta ló ní kí ẹ gbé e? Fúnra rẹ̀ ni yóò wá sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ghulail, ní Jẹ́dà níbí, lọ́jọ́ Àtàláátà. Tó bá di Àlàrùbá, takisí á gbé e dé ẹnu géètì yín. Mo ní ìdánwò tí mò ń bójú tó níléèwé lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi ni ǹ bá mú un wá. Ẹ ṣáà jáde lọ gbà á. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ pé òfin ibẹ̀ ni: ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, ẹ tọ́jú rẹ̀ ná kí ẹ tó béèrè ìwé."

"Bí òṣìṣẹ́ kan bá dúró fún un ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé àlejò ni yín níbẹ̀?"

Mojeed mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "O ò mọ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu géètì yẹn."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Lóṣù tó kọjá, ológun kan tó ń jẹ́ Dawud pe wọ́ọ̀dù láti ẹnu géètì. Fóònù wà lórí sípíkà, gbogbo èèyàn ń gbọ́. "Dókítà Mojeed, obìnrin adúláwọ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi níbí, ara rẹ̀ kò yá. Ṣé èèyàn yín ni?" Àwọn nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó ará Kánádà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ abẹ gbá a léjìká, ó ní, "Mojeed, ẹbí rẹ mà pọ̀." Mojeed ní òun kò mọ obìnrin náà rí. Òótọ́ sì ni, kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí fóònù wọ́ọ̀dù bá ti dún, àyà rẹ̀ a já.

Ó ti ilẹ̀kùn lé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an, Ọjọ́ Àìkú, ni àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí bí àwọ̀ àti ìlú abínibí ṣe ń da ibi iṣẹ́ rú. Àwọn ológun àti àwọn òṣìṣẹ́ àdéhùn jọ kún inú gbọ̀ngàn. Méjọ̀ Tawfiq, ọ̀gá ètò ààbò, jókòó síwájú, ó ká apá mọ́yà bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú wá. Olùkọ́ wọn ni Haifa, obìnrin ọmọ Jẹ́dà, tí ohùn rẹ̀ tutù ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn.

Ó fa ìlà kan sílẹ̀, ó ní kí ogún èèyàn tò sórí rẹ̀. "Bí mo bá sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa yín, ẹ gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ dúró síbi tí ẹ wà." Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ológun ẹnu géètì kì í béèrè káàdì lọ́wọ́ mi."

Ará Kánádà sún síwájú. Àwọn dókítà ọmọ ìlú sún síwájú. Mojeed dúró. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Khadra, obìnrin ará Sòmálíà tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, dúró pẹ̀lú.

"Aláìsàn kò wò mí lójú rí kó ní òun fẹ́ dókítà mìíràn tàbí nọ́ọ̀sì mìíràn."

Mojeed dúró.

"Bí mo bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, èmi nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́bi, wọn kì í dá ìran mi lẹ́bi."

Mojeed dúró. Omi ti ń kó sí i lójú. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń sọ nǹkan wọ̀nyí fún ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá, òní ni ẹnìkan fa ìlà fún un tí gbogbo ayé sì rí i lórí rẹ̀. Ará Kánádà bojú wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mi ò mọ̀ pé wọn kì í béèrè tèmi," ó ní. "Mi ò fiyè sí i rí."

"Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," Haifa dá a lóhùn. "Àǹfààní tí mò ń sọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí èèyàn kò ní láti rò kó tó jáde nílé ni. Ẹni tí bàtà ò ta lẹ́sẹ̀ kì í rántí pé òun wọ bàtà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo lè rí ọlọ́pàá láìyà kúrò lójú ọ̀nà."

Mojeed sún síwájú. Khadra náà sún, torí òun náà ní ìkámà.

"Bí àìsàn bá ṣe mí lónìí, dókítà yóò rí mi lónìí."

Mojeed sún síwájú. Khadra wo ilẹ̀, kò sún.

"Gbogbo ọmọ ìyá mi ló lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Mojeed kò tíì sún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí i pé Khadra ń wo òun. Ó sún síwájú. Ẹlòmíràn a máa fi ẹnu parọ́. Dókítà wa, ẹsẹ̀ ló fi pa tirẹ̀.

"Ẹ bojú wẹ̀yìn," Haifa ní. "Èèyàn kan náà lè wà lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀, kó wà níwájú nínú ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn yín kí ẹ tó jókòó."

Mojeed kò wẹ̀yìn. Ó lọ jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ rò ó. Haifa kọ́kọ́ là á sílẹ̀ fún wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ wò. "Ìrora kì í parọ́, ṣùgbọ́n ìrora nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí nǹkan bá dùn ọ́, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ: kí ni wọ́n ṣe gan-an? Ṣé wọn ì bá ṣe é fún ẹlòmíràn tó wà nípò mi? Ǹjẹ́ mo tíì bi ẹni tó ṣe é pé kí ló dé? Kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kọ wákàtí rẹ̀, kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ohun tí o kọ, wọn ò lè ní o lá àlá rẹ̀."

Mojeed dìde. Ó ti kọ tirẹ̀ sínú fóònù. Ogójì òwúrọ̀ tí wọ́n gba káàdì rẹ̀ yẹ̀ wò níwájú yẹ̀yìn, tí mọ́tò ará Kánádà sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìdúró. Haifa gba fóònù rẹ̀, ó kà á sókè.

"Ẹlẹ́yàmẹ̀yà nìyí," ó ní. "Kò nílò àlàyé. Iṣẹ́ kan náà, géètì kan náà, aago kan náà, ìyàtọ̀ kò jú àwọ̀ lọ. Méjọ̀, ẹ ní láti tún un ṣe."

Méjọ̀ Tawfiq mi orí. "A ó tún un ṣe."

Ìbá dára bí Mojeed bá jókòó. Kò jókòó. "Ìkejì wà," ó ní, ó sì ròyìn fóònù wọ́ọ̀dù, ẹ̀rín àwọn nọ́ọ̀sì, àti ìbéèrè yẹn: ṣé èèyàn yín ni? "Ṣé gbogbo dúdú tó bá ṣáà ti dé ẹnu géètì ni wọn ó máa ru wá sí mi lọ́rùn?"

"Ó dùn yín," Haifa ní. "Àwọn tó rẹ́rìn-ín jẹ̀bi, mo sọ ọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè yín ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ bi í pé kí nìdí tó fi pè?"

"Kí ni ǹ bá tún bi í?"

Dawud ti dìde lẹ́yìn. Ọmọ ìlú ni, ṣùgbọ́n ó dúdú ju Mojeed lọ. Ìran rẹ̀ ti pẹ́ ní Ghulail. Ẹnìkan kùn pé dúdú kò lè ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí dúdú. "Ó lè ṣe é," Haifa ní. "Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwáwí, kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Ọ̀gá," Dawud bẹ̀rẹ̀, "ìdí tí mo fi pe dókítà ni pé..."

"Jókòó," Méjọ̀ Tawfiq ní. Ó dìde fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ ti gbóná nítorí ọ̀rọ̀ káàdì, ó sì fẹ́ fi hàn pé òun lè tún nǹkan ṣe kíá. "Láti òní lọ, káàdì Dókítà Mojeed kò ṣeé béèrè. Láti òní lọ pẹ̀lú, ológun kan kò gbọ́dọ̀ pè é nítorí adúláwọ̀ kankan lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá pè é, àtìmọ́lé ni."

"Méjọ̀, n kò sọ bẹ́ẹ̀," Haifa ní. "Ìbéèrè kọ́ ni àrùn náà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìdí."

"Nínú iṣẹ́ ológun, ìyáàfin, a kì í jiyàn lé àṣẹ."

Haifa yíjú sí Mojeed. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́. Ṣé kó sọ ìdí rẹ̀?"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Mojeed rántí ọjọ́ Àlàrùbá. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé, lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, níwájú ará Kánádà. Ó rí fóònù tó ń dún lórí sípíkà.

"Kò pọn dandan," ó ní. "Àṣẹ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn."

Dawud jókòó.

Nígbà tí wọ́n túká, Khadra dúró lọ́nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Dókítà, ẹ má bínú. Wọ́n nílò òṣìṣẹ́ kan tí yóò dúró fún obìnrin ọjọ́sí kí wọ́n tó lè gbé e wọlé. Ẹ̀yin ni Dawud rò pé àánú yóò ṣe. Nígbà tí ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ̀ka. Ó ti yá, ó ti lọ sílé."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n."

Mojeed kí i pé ó ṣeun, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí: ohun tó yẹ kó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé kò yé e.

Ó pe Bùsírátù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Dókítà mi," obìnrin náà ní, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà níbẹ̀. "Ìyàwó rẹ ní o ti gbà. Mo ní mo mọ̀. Mo ní ọmọ tí mo pọ̀n kì í gbàgbé ẹ̀yìn."

"Àǹtí mi, ṣé ibà náà ti lọ sílẹ̀?"

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí àlejò tí kò nílé."

"Ẹ gbọ́ mi. Tí ẹ bá dé géètì lọ́jọ́ Àlàrùbá, ẹ má dárúkọ mi fún àwọn ológun."

"Kí ni kí n wá wí?"

"Ẹ má wí nǹkan kan. Igi kan wà níwájú géètì, ẹ dúró lábẹ́ rẹ̀. Tó bá di aago mẹ́wàá, èmi fúnra mi á jáde wá mú yín."

"Bí mo bá rí ọ ńkọ́?"

"Ẹ má pè mí. Ẹ má sọ Yorùbá. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

"Èmi tí mo pè ọ́ títí o fi mọ orúkọ ara rẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Kò burú. Iṣẹ́ rẹ ni. Mi ò ní ba ojú rẹ jẹ́ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ."

Àárọ̀ Àlàrùbá, mọ́tò Mojeed dé ẹnu géètì. Ó ti na ọwọ́ sí káàdì kó tó rántí. Ológun gbé ọwọ́ kí i, ó ní kó kọjá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ, ó wọlé bí ará Kánádà ṣe ń wọlé. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó fi fèrè mọ́tò dá ológun náà lóhùn.

Bùsírátù dé lẹ́yìn rẹ̀, ní aago méje ààbọ̀, torí ooru ara kò jẹ́ kó lè dúró ní Ghulail mọ́. Ó jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tí oòrùn yí, tí òjìji igi náà sá kúrò lára rẹ̀, ó wọ́ ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn àwọn mọ́tò tó wà lódìkejì títì, níbi tí ògiri ti ṣíji bò ó. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Mojeed yọjú lójú fèrèsé òkè. Ó rí Méjọ̀ Tawfiq àti ará Kánádà tí wọ́n dúró ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. Ó ní kí wọ́n kúrò ná. Wọn kò kúrò bọ̀rọ̀. Ó di aago mọ́kànlá kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo abẹ́ igi, kò rí ẹnikẹ́ni. Dawud dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i. Ìbéèrè kan péré ló kù: ǹjẹ́ o rí obìnrin kan níbí? Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ní kí wọ́n má bi òun ní nǹkan ṣe máa wá béèrè nǹkan? Ó yí padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà nínú rẹ̀: ara tù ú. Ó ní bóyá ìjáyà ló mú obìnrin náà, bóyá kò wá mọ́. Ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì fi fóònù rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tìyàwó rẹ̀ wà nínú báàgì nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Kí n tó sọ ibi tó já sí, ìwọ tó ń kà á, gba tìrẹ. Bí wọ́n bá fi àwọ̀ rẹ yàn ọ́ jẹ, má ṣe gbé e mì. Kọ ọ́ sílẹ̀, fi í wé ti ẹlòmíràn, gbé e lọ síwájú ẹni tó lè tún un ṣe, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní inú fùfù ló ń dà ọ́ láàmú. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n kí o tó ka ọ̀rọ̀ ẹnìkan sí ìwọ̀sí, bi í kí ló ní lọ́kàn. Kí o sì yẹ ara rẹ wò, bóyá ohun tó ta ọ́ kì í ṣe ẹ̀gàn tí wọ́n gàn ọ́, bí kò ṣe ìtìjú tí ò ń tijú àwọn èèyàn rẹ. A pọ̀ tí à ń sunkún pé wọ́n ti wa sẹ́yìn, tí a sì ti yan ọmọ ìyá wa mọ́ ẹ̀yìn ọ̀hún. Ìkámà kì í ṣe àwọ̀ tuntun. Bí o bá ní ẹbí tí kò níwèé, mú un lọ bá àwọn kọ́ńsúlù nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Alátọ̀gbẹ tó légbò lẹ́sẹ̀ tí ibà sì dé sí i, kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé kó dúró sábẹ́ igi. Ọjọ́ kan kò sí níbẹ̀. Wákàtí ni.

Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n pe Mojeed sí yàrá pàjáwìrì pé kó wá fọwọ́ sí ìwé òkú kan. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́ ọn lára: ó dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ti wú dé orúnkún. Ó mọ ohun tó pa á kó tó mọ ẹni tó pa. Lẹ́yìn náà ni Khadra, tó ń pa ojú òkú náà dé, gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Akọ̀wé ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin adúláwọ̀, aláìlórúkọ. Mojeed gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bùsírátù," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa."

Méjọ̀ Tawfiq, tó ti ń bá Dawud wí pé ta ló ní kó fi ẹnu géètì sílẹ̀, sún sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ àti ọyún wà níwájú aṣọ ológun Dawud, níbi tó ti gbé obìnrin náà mọ́yà sáré wọlé.

Mojeed yíjú sí i. "Kí ló dé tí o kò pè mí?"

"Nígbà tó dé, mo bi í pé ta ló ń wá, ó ní òun ò wá ẹnikẹ́ni," Dawud ní. Kò gbé ohùn sókè. "Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lọ́sàn-án, ó ní Dókítà Mojeed. Mo pe Méjọ̀, wọ́n ní àṣẹ ni àṣẹ. Mo wá padà lọ bẹ̀rẹ̀ tì í, mo ní kó sọ ohun tó jẹ́ sí yín fún mi, torí bó bá jẹ́ ẹbí yín ni, n ó pè yín, kí wọ́n lọ tì mí mọ́lé. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ abọ́ nílé yín ni òun."